Okùn Bàbá Kò Gbọdọ̀ Sùn Lóde

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú èéfín ìdí àdògán, ẹ kú àbójútó àwọn tí ẹ bí àti àwọn tí wọ́n bí fún yín. Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ìlú yìí tutù bí omi kànga nígbà ọyẹ́. Tata Sálámátù, àbúrò Bàbá mi, mo kí yín ní ìdí igbá gàrí yín ní ọjà Tchaourou. Ẹ̀gbọ́n mi Búràímọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí sókè fún gbogbo ilé, ẹ kú ẹnu o. Ẹ rọra máa kà á, ẹ má sì fo ibì kankan, àní ibi tí mo bá ti bá yín wí.

Kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó bóyá Bàbá wà lórí ẹní níbẹ̀. Bí wọ́n bá wà nínú yàrá, ẹ lọ pè wọ́n wá. Mi ò fẹ́ kí ẹ kà á tán kí ẹ tó lọ ròyìn rẹ̀ fún wọn. Màmá ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí Rábíátù fi kọ lẹ́tà, tó tún gbé e fún ìwé ìròyìn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tí kò ní tẹlifóònù. Tẹlifóònù náà ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nílé wa, ó gba gbogbo Goro, ìlú wa, kọjá, mo gbọ́ pé ó ti dé Sanson. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bà jẹ́ ní gbangba, kì í wọ kọ̀rọ̀ lọ tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ yóò ti lè gbọ́ èyí pẹ̀lú.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀ ná. Ẹ mọ̀ mí, bí mi ò bá fọ́nnu, ara mi kì í yá. Èmi Rábíátù, tí wọ́n bí ní ọdún tí àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè wa tò sórí ìlà láti yan ẹni tó wù wọ́n, tí Màmá sọ pé oyún mi wà nínú òun lórí ìlà ìbò náà títí ẹsẹ̀ òun fi wú, èmi náà ni mo ń wọ aṣọ funfun lọ sí ibi iṣẹ́ ní ìlú Lyon báyìí. Orúkọ mi wà lára ilẹ̀kùn. Orúkọ náà kò kúrú, wọn kò sì gé e. Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu, tí bàbá rẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ gbé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Tchaourou nígbà tí àwọn kan ń sọ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé obìnrin ṣe! Ẹ jẹ́ kí inú wa dùn. Ibi tí ayọ̀ tọ́ sí ni a ti ń yọ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ni mo ń yẹ̀ wò, àwọn àgbàlagbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n tàbí tí iyè wọn ń sá lọ. Ara gbogbo wa pín sí ẹyọ kéékèèké tí ojú kò lè rí, sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan a máa di nǹkan sínú àpò kékeré kan, a tì í jáde, sẹ́ẹ̀lì mìíràn a sì gbà á wọlé. Àwọn àpò náà ni mo ń wá. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá to ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sórí ìlà, wọn kò ní gùn tó ẹyọ iyanrìn kan.

Bí mo bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, màá yọ ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì nínú fìríìjì kan tó tutù débi pé ìbọ̀wọ́ là ń wọ̀ ká tó fọwọ́ kàn án. Màá jẹ́ kó yọ́, màá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bìrí, tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀yìn ìsọ̀ Tata. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àwọn àpò náà á ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo wo ìsàlẹ̀ ìgò, mi ò rí nǹkan kan, mo rò pé ìgò òfìfo ni, mo sì fi omi ṣàn án nù. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gba inú ihò omi lọ. Ọ̀gá mi obìnrin kò bínú. Ó ní òun náà ti da tòun nù rí, pé ẹni tí kò bá tíì da ọ̀kan nù kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, èmi ni wọ́n ń gbé àwọn tuntun fún kí n kọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn àpò náà lábẹ́ iná ẹ̀rọ, tí wọ́n ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, tí wọ́n ń jó, Yorùbá ni mo fi kígbe, gbogbo wọn sì yíjú wò mí.

Òtútù ibí yìí ni mi ò lè ròyìn tán. Nígbà tí ẹ̀yin ń sá sábẹ́ igi nítorí oòrùn, èmi ń wọ ẹ̀wù mẹ́rin léra. Oòrùn wọn ń tàn, kì í mú. Mo ti mọ́ ọn lára. Ohun tí kò tíì mọ́ mi lára ni oúnjẹ jíjẹ. Abọ́ kékeré kan ni mo ní, ṣíbí kan, àga kan. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọwọ́ ẹlòmíràn kò tíì bá tèmi pàdé nínú abọ́ kan. Màmá, nílé wa, ẹ máa ń lù mí lọ́wọ́ pé mo ń bu òkèlè tó tóbi jù, pé kí n rántí àwọn yòókù. Níbí, kò sí àwọn yòókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, màá padà sórí rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ìdì Bàbá, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó ń kà á lókèèrè, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, Bàbá mi a jókòó sábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé, wọ́n a gé àwọn àpò àtijọ́, wọ́n a di iṣu méjì-méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan tó yí wa ká. Mùsùlùmí ni, ìgbàgbọ́ ni, kálukú ní tirẹ̀. Tonton Búbà, Fúlàní tó ń da màlúù lódì kejì odò, ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Okùn èèpo oṣè tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lọ́ ni wọ́n ń fi dì í, wọ́n a sì ta á ní kókó kan tó ní etí méjì bí etí ehoro. Ẹni tó bá rí etí méjì yẹn kì í béèrè pé ta ló fi ránṣẹ́.

Àwa ọmọ là ń gbé e kiri. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: okùn kò gbọdọ̀ sùn lóde. Ẹni tó bá tú ìdì rẹ̀ ní láti ta okùn náà ní kókó tirẹ̀, kí ó dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá a fi gbogbo okùn tó bá padà kọ́ sára òpó tó wà lẹ́nu àká iṣu, wọ́n a dúró níwájú rẹ̀, wọ́n a máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn ilé kan padà, àlàáfíà wà níbẹ̀, wọ́n gbà, wọ́n jẹ, kò sí nǹkan nínú, ìyẹn ni pé inú wọn mọ́ sí wa. Okùn ilé kan kò padà, Bàbá á dìde ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì lọ síbẹ̀. Ẹ rántí ọdún tí àwa àti ilé òdì kejì ń bá ara wa jà lórí ààlà oko. Okùn wọn tí kò padà ló sọ fún Bàbá pé ìjà náà kò tíì tán nínú wọn. Wọ́n lọ, wọ́n sì parí rẹ̀.

Bàbá mi kò lọ sí iléèwé, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀mọ̀wé tí mo ti bá pàdé, mi ò tíì rí ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ. Mo wí i, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ó wá di ọjọ́ Iléyá tó kọjá. Mo pè yín láti kí yín kú ọdún. Ẹ̀gbọ́n Búràímọ̀ fi tẹlifóònù sí haut-parleur kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ohùn mi, wọ́n gbé e sórí àpótí láàárín agbo, àwọn ará àdúgbò tó wá jẹ ẹran sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá ní voilà, docteur wa nìyí, kí n sọ iṣẹ́ mi fún wọn fúnra mi, nítorí àwọn kan ń sọ káàkiri pé ilé ìwòsàn ni mò ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kò sí ohun tó burú nínú ilẹ̀ gbígbá, mo ti gbá a rí, òun ló sì gbé mi dé ìhín. Ṣùgbọ́n orí mi wú. Mo ní màá fi ohun tí mo mọ̀ hàn wọ́n.

Mo sọ fún yín pé nínú ọpọlọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, sẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣàìsàn a máa di ohun tó bàjẹ́ sínú àpò, a sì fi ránṣẹ́ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn á gbà á, á tú u, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, á sì di tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ibi náà ṣe ń ti ilé dé ilé. Nítorí kí ó lè yé yín dáadáa, mo fi kún un pé bí Bàbá ṣe ń di ìdì iṣu ránṣẹ́ sí àdúgbò gẹ́lẹ́ ni. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ pàtẹ́wọ́. Màmá ṣàdúrà fún mi. Mo rò pé Bàbá náà ń gbádùn ọ̀rọ̀ mi ni.

Mo mọ̀ o, mo mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo mọ̀ pé dókítà ní Parakou ti sọ irú àìsàn tó jẹ́ fún yín, àìsàn kan náà tí mo ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Síbẹ̀ mi ò ro ibi tí ọ̀rọ̀ mi máa balẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ di ìgò ẹlẹgẹ́ mú lọ́wọ́, ẹyin yìí ni mo jẹ́ kó bọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ Tchaourou kan tó wá kàwé níbí pè mí pé Bàbá fi nǹkan rán òun sí mi. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó fi ìka méjì di ìdì Bàbá mú, èlùbọ́ àti kajú yíyan ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀rá méjì wé e léra. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé epo ń jò níbẹ̀ ni. Ojú tì í. Ó wá jẹ́ iṣẹ́ tí Bàbá rán an, ilẹ̀ ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní Bàbá ní tí ìwé tí mo kà bá sọ pé ohun tó wà nínú ìdì yìí kò dára ní jíjẹ mọ́, kí n dà á nù, inú àwọn kò ní bàjẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kí n jọ̀wọ́, kí n dá okùn náà padà.

Màmá, bí ẹnì kan bá gbá mi létí láàárín èrò ibùdókọ̀ yẹn, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tí mo fi pe Tata Sálámátù, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin máa sọ fún mi pé àlàáfíà lẹ wà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, àlàáfíà lẹ wà. Tata kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Wọ́n ní láti ọjọ́ kejì Iléyá ni ẹ ti ra abọ́ tuntun tó ní ìdérí fún Bàbá, pé inú yàrá ni wọ́n ń jẹun, àwọn nìkan. Wọ́n ní ẹ ti mú Awáwù, ọmọ Ẹ̀gbọ́n Búràímọ̀, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ àgbà, òun tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti ń jókòó ni òkèlè rẹ̀ ti ń ti ọwọ́ Bàbá wá. Wọ́n ní nígbà tí iṣu tuntun jáde, iṣẹ́ tí Bàbá ń fi òwúrọ̀ kan ṣe, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ sì kọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ gbé e kiri. Bàbá fúnra wọn ló gbé e. Àwọn èèyàn gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn ilé fún ewúrẹ́. Okùn méjì péré ló padà, ti Tonton Búbà àti ti Tata. Tata ní Bàbá ṣì máa ń jáde láàárọ̀ lọ wo òpó náà. Wọ́n ní donc, torí náà, Rábíátù, ẹnu rẹ ló bà á jẹ́, ẹnu rẹ náà ni kó tún un ṣe, àwọn kò lè bá mi sọ ọ́.

Màmá, mi ò bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo ẹni tó ń kà á pé ìyá mi kì í ṣe ìkà. Ọdún tí ìbẹ̀rù ibà tí eku ń kó ranni gba agbègbè wa kan, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ìkéde rédíò, ẹ̀yin lẹ bo gbogbo oúnjẹ, ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo ọwọ́, ẹnikẹ́ni nílé wa kò sì ṣàìsàn. Ẹ ti kọ́ pé bí ọlọ́gbọ́n bá sọ pé àìsàn ń ti ilé dé ilé, ọmọ lèèyàn ń kọ́kọ́ gbé sá. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yín tó wọ aṣọ funfun. Ta ni ẹ tún fẹ́ gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mo sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá níwájú gbogbo ayé.

Ẹ gbọ́ ọ wàyí bó ṣe rí gan-an. Àwọn ilé tí mo sọ lọ́jọ́ náà, inú orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ Bàbá ló ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì kejì nínú ọpọlọ Bàbá. Kì í ti orí Bàbá bọ́ sí orí Awáwù. Kì í gba inú abọ́, kì í gba inú èlùbọ́, kì í gba ara okùn. Ẹni tó bá fẹ́ kó bá wọn jẹun láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, kó mu nínú ife wọn, kó sùn lórí ẹní wọn, kò ní ti ibẹ̀ kó àìsàn yìí. Ẹ lọ bi dókítà Parakou, ohun kan náà ni yóò sọ fún yín.

Bàbá àgbà kan wà tó ń wá fún wa ní ẹ̀jẹ̀ níbí, iṣẹ́ búrẹ́dì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju ti Bàbá lọ. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, a máa ń fún un ní kọfí, kì í sì lè mu ún tán kó má dà á sára. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a mu èyí tó kù, nínú ife kan náà, wọn a sì máa bá ara wọn ṣàwàdà. Mo ti ń rí wọn tipẹ́, n kò kà á sí. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Tata, obìnrin náà tún gbé ife yẹn sẹ́nu. Mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà sì wà tí mi ò sọ fún yín lọ́jọ́ Iléyá, nítorí ìgbéraga ń lé mi níwájú. Kì í ṣe ohun tó bàjẹ́ nìkan ni sẹ́ẹ̀lì ń dì. Èyí tí ara rẹ̀ yá ń di ohun tó dára ránṣẹ́ sí èyí tó ti rẹ̀, kí ìyẹn lè dìde. Àwọn àpò kan a sì máa jáde kúrò nínú orí, wọ́n a bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n a dé apá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá wọn nínú ẹ̀jẹ̀. A kò lè la orí èèyàn wò, ṣùgbọ́n bí a bá mọ ohun tó wà nínú àpò tó ti ibẹ̀ jáde, a lè mọ ibi tí àlàáfíà wà nínú orí náà àti ibi tí kò sí, bóyá kí ọwọ́ tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tún ń wá ọ̀nà láti di oògùn sínú irú àpò bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ ọ̀nà tó gba inú ọgbà tó yí ọpọlọ ká. A kò tíì débẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, oògùn tó ń wo àìsàn náà sàn pátápátá kò tíì sí. Èyí tí dókítà fún Bàbá ń dín in kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lò ó lásìkò, ẹ má fi iṣẹ́ oko gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé mo ti fi Bàbá ṣe àpèjúwe ibi tí kò yẹ. Kì í ṣe ìdì ni iṣẹ́ mi jọ. Okùn tó padà ló jọ. Ohun tí mo ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn lójoojúmọ́ ni Bàbá ti ń wò lára òpó àká láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi: ilé wo ló wà ní àlàáfíà, ilé wo ló yẹ ká dìde lọ bẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn àlejò wá sí ibi iṣẹ́ wa, àwọn dókítà tí irun wọn ti funfun, ọ̀gá mi sì ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo dúró níwájú wọn, mo sọ ìtàn àgbẹ̀ kan ní Goro àti òpó rẹ̀. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó mú bírò, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá, wọ́n kọ ọgbọ́n yín sínú ìwé wọn. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, agbádá yín kò ní gba àyà yín.

Mo tú ìdì yín lọ́jọ́ tí mo gbà á gan-an. Etí kan gùn, etí kejì kúrú, kókó náà sì le ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Mo mọ iye ìgbà tí ọwọ́ yín ti ní láti pàdánù okùn náà kí ẹ tó ta á. Nínú gbogbo kókó tí ẹ ti ta láyé yín, òun ló lẹ́wà jù lójú mi. Mo ro ọkà èlùbọ́ yín, mo fi ọwọ́ jẹ ẹ́, mo fi ìka nu ìkòkò mọ́. Mo kó kajú yíyan náà lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi jẹ níbẹ̀, gbogbo wa tí a mọ àìsàn yìí dé inú egungun rẹ̀ jẹ níbẹ̀. Ìyàwó oníbúrẹ́dì náà gba ẹ̀kúnwọ́, ó sì béèrè bóyá ó ṣẹ́kù.

Màmá mi, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Abọ́ onídèérí yẹn, ẹ máa fi bu omi fún adìyẹ. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti ń ká lẹ́tà yìí, ẹ gbé abọ́ ńlá wá sórí ẹní, kí Bàbá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kí gbogbo yín sì bá wọn jẹ ẹ́. Kí Awáwù padà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn. Bí ọwọ́ Bàbá bá gbọ̀n tí ọbẹ̀ sì dà, kí Awáwù di ọwọ́ náà mú, ọwọ́ tó ti bọ́ ọ rí ni. Èmi tí mo ń dá jẹun láàárín òtútù, mo mọ bí ó ṣe rí. Ó wà fún ẹni tó rìnrìn àjò. Kò yẹ kó wà fún Bàbá nínú ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ẹ̀yin ará Goro tí ìdì yín lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́, ẹ wá okùn rí lẹ́yìn ilé. Mo mọ gbogbo yín, mo mọ kókó kálukú yín.

Ọlọ́run yóò lọ́ra ẹ̀mí yín fún wa. Yóò jẹ́ kí iṣu ta, kí kajú so, kí ẹsẹ̀ tó jáde nílé padà sílé. Ẹ bá mi kí Tonton Búbà, ẹ sọ fún un pé n kò ní gbàgbé okùn rẹ̀ láé. Ẹ bá mi kí ilé òdì kejì, àti gbogbo àwọn tó bá Bàbá ṣe àdúrà lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, àtàwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo inú àpòòwé náà dáadáa. Okùn kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti ta á ní kókó tèmi, olójú mẹ́ta, èyí tí Bàbá fúnra wọn kọ́ mi lábẹ́ igi kajú. Ó ti sùn lóde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tọrọ gáfárà. Ẹ má fi kọ́ òpó fún wọn. Ẹ gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ń gbọ̀n, kí wọ́n fi kọ́ ọ fúnra wọn.

Bàbá, mo gbà, mo tú u, mo jẹ ẹ́ tán. Kò sí nǹkan nínú.

Èmi Rábíátù, ọmọ yín.